Ìgbésí Ayé Frederick Douglass, Ẹrú Tí Ó Di Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀

Ẹni tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó sì ti kú láti ọdún 1895. Ohun tí ó mú wa yàn án ni pé a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kan pé àwọn ọ̀dọ́ tí ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ láti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan, tí àwọn kan ń gbè é, tí àwọn mìíràn ń takò ó, àsìkò lásán ni wọ́n ń fi ṣòfò. Pé ẹnu dídùn kò ro oko, kò sì kọ́ ilé. A kò fẹ́ bá àwọn àgbà wa jà. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí wọ́n bá wa ka ìtàn ọkùnrin yìí, ẹni tí ó ṣì jẹ́ ẹrú nígbà tí ó wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi tí ẹnu rẹ̀ gbé e dé.

A bí i ní oṣù kejì ọdún 1818 ní àgbègbè Talbot ní ìpínlẹ̀ Maryland. Frederick Augustus Washington Bailey ni orúkọ tí a sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ títí ó fi wọ káà ilẹ̀. Inú ìwé tí olówó wọn ń kọ iye ẹrú rẹ̀ sí ni a ti rí oṣù àti ọdún náà lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òyìnbó ni baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jẹ́wọ́ pé òun ni ó ni ọmọ. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, Harriet Bailey. Àṣà àwọn olówó ẹrú ní àdúgbò náà ni láti já ìkókó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Betsy Bailey, ni ọmọ náà dàgbà sí, ìyá sì ń ṣiṣẹ́ ní oko kan tí ó jìnnà tó máìlì 12. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀sán, obìnrin yìí a fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà lóru, a sùn ti ọmọ rẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò sì ti padà, nítorí pàṣán ni ẹ̀tọ́ ẹrú tí oòrùn bá là tí kò sí lóko. Ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún péré ni ọmọ náà rántí pé òun rí i. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún méje ìyá kú, wọn kò sì jẹ́ kí ó dé ibi ìsìnkú. Ó ti dàgbà kí ó tó gbọ́ pé ìyá òun mọ̀wé kà, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín ẹrú ibẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti ń sọ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ti jogún ìfẹ́ tí òun ní sí ọ̀rọ̀ àti ìwé.

Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí a fi í ránṣẹ́ sí ìlú Baltimore, sí ilé Hugh Auld, kí ó máa tọ́jú ọmọkùnrin kékeré ilé náà. Sophia, aya Auld, kò tíì ní ẹrú lábẹ́ rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Frederick ní ìwé kíkà bí ẹni ń kọ́ ọmọ tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ gbọ́, inú bí i gidigidi. Ó kìlọ̀ fún aya rẹ̀ pé ẹrú tí ó bá mọ̀wé kò ní í ṣeé lò mọ́, pé kò ní í pẹ́ tí yóò fi máa wá ọ̀nà láti sá lọ. Ojú ọmọ náà ni ó ti sọ gbogbo èyí. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹ̀kọ́ tí ó ga jù lọ tí ó kọ́ nínú ilé náà, ọkọ ni ó kọ́ ọ, kì í ṣe aya, nítorí láti ọjọ́ náà ni ó ti mọ ohun tí olówó ẹrú ń bẹ̀rù.

Ó di ẹni tí ń kọ́ ìwé ní ìkọ̀kọ̀. Ebi a máa pa àwọn ọmọ òyìnbó tálákà tí ń ṣeré ní òpópónà, oúnjẹ sì wà ní ilé Auld. Frederick a mú búrẹ́dì dání, a fún wọn jẹ, àwọn náà a sì fi ẹ̀kọ́ díẹ̀ san án padà fún un. Níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun, ó rí i pé àwọn káfíńtà a máa kọ lẹ́tà sára pákó láti mọ apá ibi tí wọn yóò kàn án mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ kọ́ bí a ti ń kọ̀wé. Nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún 12, ó kó 50 sẹ́ǹtì tí ó rí nídìí bàtà dídán jọ, ó sì fi ra ìwé kan tí ń jẹ́ The Columbian Orator. Caleb Bingham ni ó tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1797 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn ògbóǹtagí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lórí bí a ti í gbé ohùn sókè, bí a ti í rẹ ohùn sílẹ̀ àti bí a ti í lo ọwọ́ nígbà tí a bá dúró níwájú ènìyàn. Ìjiyàn kan wà nínú rẹ̀ láàárín ẹrú kan àti olówó rẹ̀. Ẹrú náà ti sá, wọ́n sì ti mú un padà. Olówó ń bá a wí, òun náà sì ń fi ẹ̀sọ̀ dá gbogbo rẹ̀ lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí olówó fi rí i pé èsì tán ní ẹnu òun, tí ó sì dá a sílẹ̀ lómìnira. Àwa tí àwọn baba wa ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ohun tí ọmọ ẹrú kan rí nínú irú ìtàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1833 a dá a padà sí ìgbèríko, sí ọ̀dọ̀ Thomas Auld tí ó jẹ́ olówó rẹ̀ gan-an. Ìyẹn rí i pé ó ń ṣe orí kunkun, ó sì fi í yá Edward Covey, àgbẹ̀ kan tí òkìkí rẹ̀ kàn pé ó mọ bí a ti ń tẹ orí ẹrú ba. Oṣù mẹ́fà ni Covey fi nà án kíkankíkan. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1834 ọmọkùnrin náà yí padà, ó dì mọ́ Covey, wọ́n sì jà fún nǹkan bíi wákàtí méjì. Láti ọjọ́ náà Covey kò tún gbé ọwọ́ sókè sí i mọ́. Ìjà yìí ni àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe lẹ́yìn rẹ̀ wú wa lórí jù ú lọ. Ní oko tí ó lọ lẹ́yìn èyí ó dá ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, ó sì ń kọ́ àwọn ẹrú ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ju 40 lọ ní ìwé kíkà, bẹ́ẹ̀ ni pàṣán ni èrè gbogbo wọn bí àṣírí bá tú. Ní ọdún 1836 òun àti àwọn mélòó kan gbìmọ̀ láti sá lọ, ọ̀rọ̀ náà jáde, a sì jù wọ́n sí ẹ̀wọ̀n ní Easton. Lẹ́yìn èyí ni Thomas Auld tún dá a padà sí Baltimore.

Iṣẹ́ tí ó kọ́ ní Baltimore ni dídí àlàfo àárín pákó ọkọ̀ òkun kí omi má baà wọlé. Ní ọjọ́ kan àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ òyìnbó pa ọwọ́ pọ̀ lù ú, díẹ̀ ni ó kù kí ojú rẹ̀ kan fọ́. Hugh Auld mú ẹjọ́ náà lọ sí iwájú adájọ́. Adájọ́ bèèrè bóyá òyìnbó kan wà tí yóò jẹ́rìí sí i, kò sì sí. Òfin ibẹ̀ kò gba ẹ̀rí aláwọ̀ dúdú lòdì sí òyìnbó. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ṣì ń bẹ lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan ní ilé ẹjọ́.

Ní ìlú yìí kan náà, ní ìwọ̀nba àkókò díẹ̀ sí i, ni ó wọ ẹgbẹ́ tí a ń sọ. East Baltimore Mental Improvement Society ni wọ́n ń pè é, èyí tí a lè pè ní Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Òye ti Ìlà-Oòrùn Baltimore, ẹ ó sì rí i pé orúkọ náà bá tiwa tan. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti ní òmìnira, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ òkun bíi tirẹ̀, ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn kan nínú wọn mọ̀wé ju òun lọ. Ẹni tí ó bá jẹ́ òmìnira nìkan ni ó yẹ kí ó wọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n wọ́n mójú kúrò lára ìlànà yìí nítorí Frederick, wọ́n gbà á, kì í ṣe kí ó wá máa gbá ilẹ̀ ibẹ̀ bí kò ṣe kí ó wá máa jiyàn. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n fún un ní ipò pàtàkì nínú àríyànjiyàn wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ rí mọ ohun tí ènìyàn ń rí kọ́ níbẹ̀: pé kí a tẹ́tí sí ẹni tí ń takò wá dé òpin, kí a mọ agbára ọ̀rọ̀ rẹ̀ ju bí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kí a má sì bínú. Ẹrú tí adájọ́ kò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ dìde dúró nínú yàrá yìí, àwọn ènìyàn sì dákẹ́ fún un. Nígbà tí ó kọ ìtàn ara rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀, kò gbàgbé láti sọ pé gbèsè àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin náà pọ̀ lọ́rùn òun.

Láàárín àwùjọ àwọn aláwọ̀ dúdú olómìnira yìí ni ó ti pàdé Anna Murray, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ ilé fún owó oṣù. Anna kò mọ̀wé, àwọn tí ń yin ọkọ rẹ̀ sì sábà máa ń fi í sílẹ̀. Àwa kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti inú owó tí obìnrin yìí fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ ni Frederick ti rí ohun tí ó fi sá. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1838, ó wọ aṣọ atukọ̀, ó mú ìwé ẹ̀rí atukọ̀ tí atukọ̀ kan yá a dání, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin. Àpèjúwe inú ìwé náà kò bá ìrísí rẹ̀ mu rárá. Ẹni tí ń yẹ ìwé wò nínú ọkọ̀ kàn ṣíjú wò ó ni, ó sì kọjá. Kò pé ọjọ́ kan tí ó fi dé New York. Anna tẹ̀ lé e, a sì so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù náà. Ìlú New Bedford ni wọ́n fi ṣe ibùgbé, ó ti pa orúkọ Bailey tì kí àwọn tí ń mú ẹrú tí ó sá má baà rí i, ibẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ Douglass.

Ọdún mẹ́ta ni ó fi la igi, tí ó kó èédú, tí ó sì ń wàásù nínú ìjọ kékeré ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1841, àwọn tí ń jà kí oko ẹrú dópin ṣe ìpàdé ní erékùṣù Nantucket, wọ́n sì pè é kí ó sọ̀rọ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò tíì sọ̀rọ̀ níwájú àwùjọ òyìnbó tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Kí ìpàdé náà tó túká, wọ́n ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó di aṣojú ẹgbẹ́ náà, kí ó máa kiri ìlú sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ibí yìí ni ìdánwò tí a kà sí pàtàkì jù lọ ti dé bá a, ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ni ó sì ti wá. Wọ́n fẹ́ kí ó máa sọ ìtàn pàṣán àti ìnira nìkan, kí ó fi ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó jẹ́ kí èdè rẹ̀ rí bí ti ẹrú oko díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti ń sọ pé ẹni tí ó gbọ́n tó báyìí kò lè ti ṣe ẹrú rí. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀nà tí ó gbà fi èsì fún àwọn oníyèméjì ni pé ó kọ ìwé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1845, ó dárúkọ oko, ó dárúkọ àwọn olówó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni òfin ṣì kà á sí ẹrú tí ó sá, tí a lè mú padà lọ́jọ́kọ́jọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí kan náà ni Àjàyí Crowther, tí a ti kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní ọdún 1821, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Wọn kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n a kì í lè ka ọ̀kan kí a má rántí èkejì.

Nítorí ewu ìwé náà ni ó fi rékọjá sí Ireland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún bí ọdún kan àbọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ní lọ́hùn-ún dá 150 pọ́n-ùn jọ, wọ́n fi rà á lọ́wọ́ Auld, ó sì di òmìnira lábẹ́ òfin ní oṣù Kejìlá ọdún 1846. Àwọn kan bínú pé kò yẹ kí a san owó fún olè kí ó tó dá ohun tí ó jí padà. Ó dára láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ni wọn ìbá so lókùn. Nígbà tí ó padà dé, ó lọ sí ìlú Rochester, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn tirẹ̀, The North Star, ní oṣù Kejìlá ọdún 1847, ọdún 12 ṣáájú kí Ìwé Ìròyìn ti Abẹ́òkúta tó jáde.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó sọ, èyí tí ó sọ ní Rochester ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1852 ni ó lókìkí jù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan ni ó pè é kí ó wá bá wọn ṣe àjọyọ̀ òmìnira Amẹ́ríkà. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyìn. Ó yin àwọn tí ó dá orílẹ̀-èdè náà sílẹ̀, ó sọ ìgboyà wọn, títí ara fi tu gbogbo àwùjọ. Nígbà náà ni ó yí ọ̀rọ̀ padà, tí ó bi wọ́n léèrè kí ni ẹrú ní í ṣe pẹ̀lú àjọyọ̀ náà, tí ó sì fi hàn wọ́n pé ìlù àti agogo wọn jẹ́ ẹ̀gàn ní etí ẹni tí ó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jiyàn rí yóò mọ ibi tí ó ti kọ́ ọgbọ́n yìí: ó kọ́kọ́ fún alátakò ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíkún, lẹ́yìn náà ni ó wá gba ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1860 àwọn jàǹdùkú tú ìpàdé kan ká mọ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ní Boston. Ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ó dúró ní ìlú náà kan náà, ó sì là á yé wọn pé ẹni tí ó pa sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́ ti ja ènìyàn méjì lólè, ẹni tí ó fẹ́ sọ àti ẹni tí ó fẹ́ gbọ́.

Ogun abẹ́lé dé, ó sì gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú láti wọ iṣẹ́ ológun. Ọmọ tirẹ̀ méjì, Lewis àti Charles, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1863 ó lọ bá Ààrẹ Lincoln fúnra rẹ̀, ó fi ẹ̀hónú hàn pé owó oṣù àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú kéré sí ti òyìnbó. Ní ọdún 1865 a fi òfin pa oko ẹrú run. Lẹ́yìn èyí ó di oyè ìjọba mú ní Washington, ó sì ṣe aṣojú Amẹ́ríkà ní Haiti láti ọdún 1889 sí 1891. Ní ọdún 1877 ó padà lọ bẹ Thomas Auld wò lórí ibùsùn àìsàn. Ẹrú àtijọ́ àti olówó àtijọ́ di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sì sunkún. Anna kú ní ọdún 1882, ó sì fẹ́ Helen Pitts tí ó jẹ́ òyìnbó ní ọdún 1884. Ará ilé tọ̀tún tòsì ni ó kùn sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún 1848, nígbà tí àwọn obìnrin pe ìpàdé ní Seneca Falls láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, Douglass nìkan ni aláwọ̀ dúdú tí ó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí ìpàdé náà fara mọ́ ọn pé kí obìnrin máa dìbò. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1869 òun àti Susan B. Anthony, aṣáájú àwọn obìnrin náà, kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Douglass ní kí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kọ́kọ́ rí ìbò gbà nítorí pé a ń pa wọ́n. Anthony kò gbà kí obìnrin dúró sẹ́yìn. Ìjiyàn náà gbóná, ó sì fọ́ ẹgbẹ́ wọn sí méjì. Ní ojú tiwa kò sí èyí tí kò ní ẹjọ́ tí ó tọ́ nínú àwọn méjèèjì.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1895, àwọn obìnrin ń ṣe àpérò ní Washington. Douglass, arúgbó olórí funfun, wọlé sí wọn, Susan Anthony sì wà lára àwọn tí ó mú un lọ́wọ́ gòkè sí orí pèpéle. Ó jókòó tì wọ́n títí di ọ̀sán. Nígbà tí ó dé ilé ó ń ròyìn ìpàdé náà fún Helen, ó sì dìde láti sín ọ̀kan nínú àwọn olùsọ̀rọ̀ jẹ fún un, níbẹ̀ ni ó ti ṣubú. Ó ti ṣe àdéhùn láti sọ̀rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nínú ilé ìjọsìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí kò jìnnà sí ilé rẹ̀. Bí ẹ̀mí ti ń bọ́ lára rẹ̀ ni ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin tí yóò gbé e lọ dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n gbé e lọ sí Rochester, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ òkú Mount Hope.